Kó tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀: bí àrùn ìfun IBD ṣe ń kọ́kọ́ yọjú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, ohun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gbọ́ nípa Darren Fletcher, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United nígbà náà, ni pé fáírọ́ọ̀sì kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó kéde pé ulcerative colitis ni, àrùn tó ń dá egbò sínú ìfun ńlá, àti pé yóò fi pápá sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Fletcher fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ti ń fi àìsàn ọ̀hún pamọ́ fún àwọn èèyàn. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ta ló fẹ́ dìde láàárín ogún ọkùnrin tó ń wọ bàtà bọ́ọ̀lù, kó ní ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ òun jáde?

Ti Dwight Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gé àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ní 1923, síbẹ̀ inú rírun ń lọ, ó ń bọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Oṣù Karùn-ún 1956, nígbà tó ti wà lórí àlééfà, ni ẹ́sírè tó fi hàn pé àrùn Crohn wà nínú ìfun rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìfun náà dí, wọ́n sì sáré ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní òru. Kò sẹ́ni tó lè búra pé Crohn náà ni ti 1923, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́jú àrùn yìí kì í fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ nítorí pé bó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí IBD, àrùn wíwú ìfun (inflammatory bowel disease), lára wọn nìyẹn. Àrùn náà kì í fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Á kọ́kọ́ jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn, tàbí àpẹ́ńdíìsì, tàbí "ohun tí mo jẹ lánàá ni", tàbí ìrònú àti wàhálà iṣẹ́. Ìgbà tí yóò bá fi jẹ́ orúkọ tirẹ̀, oṣù ti gorí oṣù.

IBD kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Méjì ló gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, ulcerative colitis (ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní colitis lásán láti ìsinsìnyí lọ) àti àrùn Crohn. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ìfun ń wú, ó ń pọ́n, ó ń dá egbò, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò kan pàtó tí a lè pa kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn ọmọ ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa lé àrùn, ló kọjú ìjà sí ìfun tí wọn ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sinmi. Ìdílé lọ́wọ́ nínú rẹ̀: ní 2001 ni àwọn onímọ̀ rí àbùdá àkọ́kọ́ tó so mọ́ Crohn, èyí tí wọ́n ń pè ní NOD2. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú ìfun lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in ni kò lẹ́bí kankan tó ní in.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ IBS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Nínú IBS, inú ń run, ìgbẹ́ ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá wọ inú ìfun, á bá a láìsí egbò. IBS ń nini lára o, mi ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ kì í mú ẹ̀jẹ̀ wá, kì í sì í jẹ ìfun run.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wá ń gbóná báyìí? Nítorí pé àrùn tí àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ ń kọ bí ẹni pé ti Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà nìkan ni kò dúró síbẹ̀ mọ́. Ìṣirò kan tó kárí ayé fi iye àwọn tó ń bá a gbé ní 2017 sí mílíọ̀nù 6.8. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, ó ti ju èèyàn 3 lọ nínú 1,000, ṣùgbọ́n iye àwọn tuntun tí wọ́n ń rí lọ́dọọdún níbẹ̀ ti ń dúró sójú kan. Ní Éṣíà, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ń gòkè láti nǹkan bí 1990. Ìyẹn ni pé dókítà tí kò fojú kàn án rí nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ lè bá a pàdé lọ́la nínú yàrá rẹ̀, kó má sì mọ̀ pé òun ló jókòó síwájú òun.

Ọ̀dọ́ ló sì ń mú jù. Láàárín ọdún 15 sí 35 ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ orí tí èèyàn ń kàwé, tó ń wáṣẹ́, tó ń fẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ, tí kò sì rò pé inú òun lè di ohun tí òun ó máa ṣírò.

Colitis: ẹ̀jẹ̀, ìkánjú, àti aago mẹ́ta òru

Colitis ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lè fara pamọ́. Ìfun ńlá nìkan ló ń bá jà. Láti ìpẹ̀kun rẹ̀ lókè ihò ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gòkè láìfo ibì kankan, bí iná tó ń jó pápá lọ. Awọ inú ìfun ló ń jẹ, kì í sábà jìn ju ìyẹn lọ. Awọ yìí kan náà ló kún fún òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí aláìsàn rí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán: ó máa ń pò mọ́ ìgbẹ́, pẹ̀lú nǹkan tó ń yọ̀ bí ikun imú.

Iye ìgbà tí èèyàn ń lọ á pọ̀ sí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn tó ń bá a jà sọ tẹnu wọn, iye kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, bí kò ṣe ìkánjú. Ìgbẹ́ colitis kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láàárín ìgbà tó bá ti sọ pé òun ń bọ̀ àti ìgbà tó máa dé, ìṣẹ́jú lè má kọjá. Kò ní pẹ́ tí ẹni náà yóò fi mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò máa jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí kò ní jẹun bó bá fẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ti ń gbé bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó kíyè sí i pé àwọn ti yí ìgbésí ayé àwọn padà nítorí ìdí wọn.

Àmì kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni náà á sáré wọlé, á jókòó, á fi agbára tì í, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti omi yíyọ̀ nìkan ni yóò jáde. Síbẹ̀ ara á máa sọ fún un pé ìgbẹ́ ṣì kù. Kò sí ìgbẹ́ níbẹ̀. Wíwú tí ìpẹ̀kun ìfun wú ló ń tan ọpọlọ jẹ pé ẹrù wà nílẹ̀.

Òru ni kí ẹ wá fiyè sí. Ìfun tí wàhálà lásán ń dà láàmú sábà máa ń sùn nígbà tí olúwa rẹ̀ bá sùn. Ìgbẹ́ tó ń jí èèyàn lójú oorun ní aago mẹ́ta òru, léraléra, kì í ṣe ti ìrònú. Bí mo bá ní láti mú ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí gbogbo dókítà bi ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, èyí ni n bá mú: ṣé ó ń jí ẹ lóru?

Gbogbo colitis kọ́ ló gùn bákan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i. Nínú àwọn tuntun, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni tiwọn kò kọjá ìpẹ̀kun ìfun, ìdá kan ti gba apá òsì ìfun ńlá, ìdá kan ti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí tiwọn wà ní ìpẹ̀kun nìkan ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù, torí pé ìgbẹ́ wọn lè le. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àrùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìgbẹ́ gbuuru lè wá pẹ̀lú àìrí ìgbẹ́ yà. Ìpẹ̀kun tó wú ti di ọ̀nà, ìgbẹ́ òkè ń gbẹ níbi tó dúró sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde nísàlẹ̀.

Ìgbẹ́ tó le, tó wá lẹ́jẹ̀ lára. Kí ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni yóò fún un bí kò ṣe jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó máa ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ tàbí kó wà lára bébà tí èèyàn fi nu ìdí, kì í pò mọ́ ìgbẹ́, kì í sì í mú ikun dání. Ti colitis ń pò mọ́ ọn. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni fi di dókítà ara rẹ̀ o, nítorí èèyàn kan náà lè ní méjèèjì. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ti ń jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú wo ibi tó ti ń wá, kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ kankan.

Crohn: àrùn tó ń yọ́ rìn

Ní 1932 ni Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, àwọn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí ìpẹ̀kun ìfun kékeré wọn nípọn, tó wú, tó sì ti ń dí. Orúkọ Crohn ló ṣáájú lórí ìwé náà nítorí pé ètò lẹ́tà ni wọ́n fi tò ó. Ginzburg ì bá jẹ́ Aginzburg, orúkọ mìíràn là bá máa pe àrùn yìí lónìí.

Crohn kò ní ibùgbé kan. Láti ẹnu títí dé ihò ìdí, kò síbi tí kò lè dé, ṣùgbọ́n ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń fo ibì kan, kó jẹ ibì kan. Kì í sì í dúró sí awọ inú. Ó ń jẹ ìfun láti inú dé ìta. Àwọn ohun méjì yìí ló fa gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti colitis.

Bí ibi tó ti ń jẹ bá wà lókè, ẹ̀jẹ̀ lè má hàn sójú. Ẹni náà kò ní rí nǹkan kan nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó máa rí ni pé inú ń run òun, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, pé ìgbẹ́ òun ti rọ̀, pé ó ń rẹ òun láìṣiṣẹ́, pé bẹ́líìtì òun ti lọ ojú ihò méjì sẹ́yìn. Ibà kékeré lè máa bá a lálẹ́. Kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú lọ sọ́dọ̀ dókítà: lónìí inú rírun, lóṣù tó ń bọ̀ àárẹ̀, lóṣù kẹta àìtó ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì kan, kò ní jọ ohun kan ṣoṣo.

Ìgbà mìíràn ó máa ń wá bí ọlọ́ṣà. Ìrora líle lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ibà, èébì: àpẹ́ńdíìsì ni, ẹ gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ abẹ á la ikùn, á bá àpẹ́ńdíìsì tí kò ṣe nǹkan kan, á wá rí ìfun tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwọn kan gbà mọ̀ pé àwọn ní Crohn.

Nítorí pé ó ń jẹ ìfun já, ó lè fi ìfun kan já mọ́ ìkejì, tàbí mọ́ àpò ìtọ̀, tàbí mọ́ awọ ara. Ó sì lè mú kí ojú ọ̀nà ìfun fún títí yóò fi dí. Nínú èèyàn 5 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Crohn lára wọn, ó tó ẹnì kan, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ sí kí wọ́n tó mọ orúkọ àrùn náà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti ìdí, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Oówo tó ń wáyé lẹ́bàá ihò ìdí, tí wọ́n bá tú u tó tún padà wá. Ojú kékeré kan tó ń sun ọyún tàbí ìgbẹ́ láti ibi tí kò yẹ. Awọ ìdí tó là tí kò jinná. Fún àwọn kan, èyí ni àmì àkọ́kọ́, kí inú tó rora rárá. Bí wọ́n bá ti la oówo ìdí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè nípa ìfun, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọmọ tí kò ga mọ́

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ní IBD ni wọ́n ti rí i lára wọn kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún. Lára ọmọdé, Crohn lè má sọ̀rọ̀ nípa inú rárá. Ohun tí òbí máa rí ni pé ṣòkòtò ọdún tó kọjá ṣì ń bá a mu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dàgbà, ohùn wọn ti ń yí padà, ọmú àwọn obìnrin inú wọn ti ń yọ, tirẹ̀ dúró. Wọ́n á ní ìdílé wọn kì í tètè ga ni.

Larry Nance Jr., tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní NBA, ti sọ ìtàn tirẹ̀ ní gbangba. Bàbá rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù náà ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n ọmọ kò ga, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n rí Crohn lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló ga. Nínú ọmọ tí kò tíì dàgbà tán, àyè ṣì wà fún ara láti lé ohun tó pàdánù bá, àmọ́ bí egungun bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, àyè ti tì. Ìdí nìyí tí àtẹ ìdàgbàsókè tí wọ́n ń fi ìlà sí nílé ìwòsàn fi lè sọ ohun tí inú ọmọ kò sọ.

Lódìkejì, àrùn yìí lè kọ́kọ́ yọjú lẹ́yìn ọdún 50 tàbí 60. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó pé kì í ṣe òun. Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, tí àgbàlagbà ń lò fún orúnkún, náà lè dá egbò sínú ìfun tí yóò jọ ti Crohn.

Nígbà tí ìfun bá fi ojú tàbí orúnkún ránṣẹ́

Bí àwọn ọmọ ogun ara bá ti ya ìpátá, wọn kì í ṣọ́ ìfun nìkan. Nínú ìwádìí kan ní Switzerland, lára àwọn aláìsàn tí IBD wọn ti kan ibòmíràn lára, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ti ibòmíràn náà ti ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ìfun ló ń ṣe wọ́n. Orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ lè wú. Ẹ̀yìn lè le láàárọ̀ kó tó rọ̀ lọ́sàn-án. Ojú lè pọ́n, kó máa dun, kí ìmọ́lẹ̀ máa gún un. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú láìrí dókítà ojú. Egbò ẹnu lè máa wá léraléra.

Kókó tó ń dun ni lè yọ lójúgun. Ìwé ìṣègùn á ní kókó náà máa ń pọ́n. Lára awọ funfun ni. Lára awọ dúdú, á ṣú ju ara yòókù lọ, tàbí kó dà bí ibi tí igi gbá, ọwọ́ á sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Dókítà tó ń wá pupa lè wò ó kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára wọ́pọ̀ gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń dànù, ìfun tó wú kò sì lè gba irin tó wà nínú oúnjẹ sára dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró náà wà níbẹ̀: ewu rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní IBD. Àwọn díẹ̀ wà, ti colitis ló pọ̀ jù, tí òpó tí òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ wọn ń wú tó ń dí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó.

Kí ló ń fa ìdádúró?

Ìwádìí mìíràn ní Switzerland, tó jáde ní 2012, wo iye àkókò tó wà láàárín àmì àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n mọ orúkọ àrùn. Fún colitis, ìdajì àwọn aláìsàn ti mọ̀ láàárín oṣù 4. Fún Crohn, oṣù 9 ni. Ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn ti pọ̀ nìyẹn o.

Ìtìjú jẹ́ apá kan. A lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí ń fọ́ wa, ṣùgbọ́n bó bá kan ìdí, "inú ń run mí díẹ̀" la máa sọ, dókítà á sì tọ́jú ohun tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣini lọ́nà jù, lójú tèmi, ni pé àrùn yìí máa ń sinmi fúnra rẹ̀. Á jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á rọlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Oògùn yòówù tí èèyàn bá ń lò nígbà tó rọlẹ̀ ló máa gba ìyìn: egbòogi ni, oògùn apakòkòrò ni, oúnjẹ tí mo fi sílẹ̀ ni. Ìgbà tó bá tún dé, á dà bí àìsàn tuntun, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí.

Ìdí kẹta kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìfun kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti fi pariwo. Àwọn kòkòrò àrùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: amoeba ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, Shigella ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, Campylobacter bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, amoeba nìkan ló lè fà á gùn. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ń sọ nǹkan mìíràn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ìfun ló wá le jù nínú wọn, nítorí pé ibi tí Crohn fẹ́ràn ni òun náà fẹ́ràn: ìpàdé ìfun kékeré àti ìfun ńlá. Inú rírun kan náà, ibà alẹ́ kan náà, rírù kan náà; kámẹ́rà pàápàá lè má mọ ìyàtọ̀. Àṣìṣe níbẹ̀ léwu, torí pé oògùn tó ń tu Crohn lára ń dẹ okùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ́pọ̀, dókítà tó ń lọ́ra kó tó kọ steroid, ọ̀kan nínú àwọn oògùn yẹn, mọ ohun tó ń ṣe.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ni yóò ṣáájú, láti wá àwọn kòkòrò. Òmíràn wà tó ń wọn purotéènì kan tó ń jẹ́ calprotectin, èyí tí sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ ń tú sínú ìgbẹ́ nígbà tí ìfun bá wú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 50 maikirogíráàmù nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí IBD má sí níbẹ̀. Bí ó bá kọjá 250, nǹkan ń jó nínú ìfun, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tó ń jó o. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì gba ìdí wọlé, tó máa ń gé èérún ara láti oríṣiríṣi ibi fún àwọn ará láàbù, ló ń sọ ìyẹn. Fún ìfun kékeré tí kámẹ́rà yìí kò lè dé tán, àwòrán MRI ni wọ́n ń lò. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ pé "IBD nìyí". Ẹni tó bá tà á fún yín, ẹ gba owó yín padà.

Ìgbà tí kò sí àyè àtiròó

Àwọn kan wà tí ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn jẹ́ pàjáwìrì. Ní 1955, Sidney Truelove àti Leslie Witts ní Oxford gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí àwọn dókítà ṣì ń lò títí di òní: ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, pẹ̀lú ara tó gbóná ju 37.8°C lọ, tàbí ọkàn tó ń lù ju 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ (hemoglobin) tó ti lọ sílẹ̀ ju 10.5 g/dL lọ, tàbí àmì wíwú tó ga nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú colitis, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ìfun ńlá lè wú bíi bàlúùnù kó sì bẹ́. Bákan náà ni ti Crohn tí ikùn ẹni náà bá le, tó ń bì, tí kò sì lè só.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá jáde

Orúkọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe òpin. Àwọn kan wà tí àrùn wọn kò tíì jọ Crohn tán, tí kò jọ colitis tán. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "a kò tíì yà á", ọdún tó ń bọ̀ ni yóò yà á fúnra rẹ̀. Colitis tó wà ní ìpẹ̀kun ìfun lónìí lè gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá àrùn náà yóò máa jà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá tàbí kó jẹ́ bíi ti Shinzo Abe, tí colitis tó ti ń bá a fínra láti ìgbà èwe lọ́wọ́ nínú bó ṣe fi ipò olórí ìjọba Japan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2007 àti 2020.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì títí wọ́n á fi bi wọ́n. Colitis tó pẹ́ lára, tó sì gba púpọ̀ nínú ìfun ńlá, ń mú ewu jẹjẹrẹ ìfun pọ̀ sí i. Nítorí náà, tó bá di nǹkan bí ọdún 8, àwọn dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ lóòrèkóòrè, àyàfi àwọn tí òpó òróòro wọn ń dí, tí tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí orúkọ àrùn kọ́ ni wọ́n ti ń ka ọdún 8 náà. Ọjọ́ tí àmì kọ́kọ́ yọ ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà, lẹ́yìn tó ti ṣàlàyé gbogbo nǹkan tán, á tún gbé bírò rẹ̀, á ní: "Ẹ rántí dáadáa. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀?" Aláìsàn á dákẹ́ díẹ̀, á máa ṣírò padà sẹ́yìn, títí yóò fi dé orí ọdún tó rò pé jẹ̀díjẹ̀dí lòún ní.